Dúdú Tí Òwú Ò Lè Nù Kúrò

Èmi ò fẹ́ràn ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi. Ẹ bi gbogbo àdúgbò Guamá wa nílùú Belém, wọ́n á sọ fún yín: Rosineide ò ní sùúrù, ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ọ̀sán Sátidé kan wà tí gbogbo ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi yìí, ìbẹ̀rù tó sì wọ inú mi lọ́jọ́ náà kò tíì jáde tán títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Èmi àti Jucilene àbúrò mi la jọ ń gbé ilé tí ìyá wa fi sílẹ̀. Mo ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, òun ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà ọjà. Ní ọ̀sán Sátidé, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òjò Belém kì í jẹ́ kí ọ̀sán kọjá láìyà sílé, a ó gbé tábìlì kékeré sí fàráńdà, a ó da ìgò kùtẹ́ẹ̀sì sórí rẹ̀ rẹpẹtẹ, a ó máa dán wọn wò. Eré wa nìyẹn láti kékeré. Juci ló ni ọwọ́. Abẹ́rẹ́ lásán ló máa mú, yóò fi ya òdòdó àti ẹyẹ sórí èékánná tí kò tóbi ju ẹyọ àgbàdo lọ. Yóò da pupa díẹ̀ mọ́ dúdú díẹ̀ nínú ìdérí ìgò, yóò rò ó, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, àsàí nìyí." Lóòótọ́ ni, àwọ̀ àsàí gan-an ni, èso dúdú tí à ń lọ̀, tí à ń da gààrí sí, tí a fi ń jẹ ẹja díndín ní ọjọ́ gbogbo tí Ọlọ́run dá. Èmi? Ọwọ́ ìkòkò ni ọwọ́ mi. Bí mo bá kun èékánná, mo kun ìka, mo kun tábìlì, mo kun ìdí aṣọ ara mi.

Àmọ́ kíkùn tó bá gun awọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ìyá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ẹni kan kì í ṣọ́ etí èékánná bí ẹní ń ṣọ́ ẹyin. A ó kùn ún kọjá, kó gun ara ìka. Lẹ́yìn náà a ó wé òwú mọ́ ẹnu igi tẹ́ẹ́rẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n fi ń pa kùtẹ́ẹ̀sì rẹ́, a ó fi nu etí èékánná yípo títí yóò fi gún régé. Òwú yẹn ni iṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ òwú í lò kò tíì mọ nǹkan kan.

A tún ní àṣà kan. Ẹni tó bá kun ọwọ́ ní àwọ̀ kan á yọ ẹyọ èékánná kan sọ́tọ̀, á ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ọmọ kan ṣoṣo là ń pè é. Ìka òrùka ló ni ín, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan sẹ́yìn ni Juci ti gbé tirẹ̀ lọ sórí àtàǹpàkò ọ̀tún. Dúdú ṣáá ni, tí wúrà wẹ́wẹ́ ń kọ mànà lórí rẹ̀, ó sì nípọn bí ìkarahun ìgbín.

Mo ní, "Juci, kí ni àtàǹpàkò ń wá níbẹ̀? O dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìka sínú yíǹkì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àṣà tuntun ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ti di arúgbó."

"Arúgbó ìyá ẹ."

"Ìyá èmi nìyá ẹ̀yin náà."

Báyìí la ṣe máa ń bá ara wa fà á. Mo sì jẹ́ kó lọ. Kí ó tó pẹ́, Dona Walquíria tó wà ní ilé kejì sí wa, obìnrin tí kì í rí nǹkan tuntun kó má rà á, wá ní kí Juci ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin òun. Àwọn ọmọ yẹn fi han àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo òpópónà wa ti ń gbé àtàǹpàkò dúdú kiri. Juci á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá, kò sì ní sọ nǹkan kan. Mo rò pé ó ń yangàn ni.

Nínú oṣù kẹfà, ọ̀bẹ gé Juci lọ́wọ́. Ó ń ha ìpẹ́ ẹja ni ọ̀bẹ fi yọ̀, ó sì bu ìka ọwọ́ òsì méjì ya. Wọ́n di ìka náà. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ Sátidé, Dona Walquíria gbé ara rẹ̀ wọ fàráńdà wa nínú òjò.

"Jucilene, ọ̀la ni ìsàmì ọmọ-ọmọ mi o. Ṣé o rántí pé ìwọ ni ìyá ìsàmì?"

"Mo rántí, mà."

"O ò ní gbé èékánná dúdú yìí dúró níwájú fádà, àbí? Kí àwọn ará ilé ọkọ ọmọ mi má rò pé àjẹ́ ló ń gbé ọmọ wọn. Funfun, jọ̀ọ́. Funfun tàbí aláwọ̀ òdòdó."

"Funfun ni mo máa ṣe, mà," ni Juci wí, ó sì ń wo ọwọ́ tí wọ́n dì. Kò lè fi ọwọ́ òsì yẹn kun ọ̀tún.

Mo ní, "Èmi á kùn ún."

Bí Walquíria ṣe lọ, mo fa ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi wá sórí itan mi. Mo nu èékánná mẹ́rin mọ́, mo wá kan àtàǹpàkò.

Ó ní, "Ẹ má nu ìyẹn. Ẹ kàn fi funfun bò ó."

"Kùtẹ́ẹ̀sì lórí kùtẹ́ẹ̀sì? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ń dùn mí. Ẹ bò ó, kí a lọ jẹun."

Mi ò fẹ́ ìjà. Mo bò ó. Mo kun gbogbo rẹ̀ ní funfun, bí mo ṣe máa ń kùn, gbàràgàdà, ó gun awọ. Mo wá wé òwú mọ́ igi, mo rẹ ẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí nu etí láti ìka kékeré bọ̀. Funfun ń bọ́ sára òwú, ó ń lọ dáadáa. Nígbà tí mo dé ìdí àtàǹpàkò, níbi tí awọ ti pàdé èékánná, mo rí dúdú kan tó yọ lábẹ́ funfun náà. Mo ní kùtẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Ní ilé wa, dúdú tó bá wà lára ìka, kùtẹ́ẹ̀sì ni. Mo nù ún. Kò lọ.

Mo bínú sí i. Mo wé òwú mìíràn, mo rẹ ẹ́ gbindin-gbindin, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, mo fi yí i. Juci fa èémí. Mo wo òwú náà: funfun báláú. Mo wo ìka: dúdú náà jókòó síbẹ̀, kò yẹ̀. Mo tún wé òmíràn. Òwú mọ́. Dúdú wà. Mo gbé ìka náà súnmọ́ ojú mi, mo wá rí i pé kò sí lórí awọ. Inú awọ ló wà.

Ara mi bù máṣọ.  Mo gbójú sókè wo àbúrò mi, òun náà ń wò mí, kò sì sí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀.

"Juci. Kí nìyí?"

Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Ilẹ̀kùn ló há a."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀jẹ̀ ló dì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀."

Ó dìde, ó wọ yàrá, mo gbọ́ tí ó ti kọ́kọ́rọ́. Èmi tí mo máa ń fi ẹnu fọ́ ilẹ̀kùn, mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, òjò ń rọ̀, mi ò lè pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bà mí lẹ́rù, kí ẹ má rò pé mo kàn ń pariwo. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá wa. Kókó kan yọ sí i níbẹ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kiri, ó ń bá wa ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìgbà tó máa sọ fún wa, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n gé ọmú náà, ó sì kú. Juci ló ń wẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú, nítorí èmi ò lè wo ojú ọgbẹ́ yẹn. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí ohun tí ẹnikẹ́ni fi bo ara nínú ilé wa, àyà mi á já.

Ní ọjọ́ ìsàmì, Juci wọ aṣọ funfun, ó gbé ọmọ náà níwájú fádà, gbogbo ènìyàn ń sọ pé ìyá ìsàmì dára. Èmi ò rí ọmọ, mi ò rí fádà. Àtàǹpàkò yẹn ni mò ń wò lára aṣọ ọmọ. Ó ti fipá fi ọwọ́ tí wọ́n dì tún kun ìdí rẹ̀, ó jẹ́ kí funfun gun awọ dáadáa, kò sì fi òwú kàn án.

Nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tú ẹrù rẹ̀. Ẹ má bá mi wí. Mo fa apẹ̀rẹ̀ kùtẹ́ẹ̀sì rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, mo kó ìgò jáde, lábẹ́ gbogbo wọn mo rí ohun kan tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé. Mo tú u. Ọwọ́ ènìyàn ni. Igbe ta lẹ́nu mi kí n tó rí i pé ìda ni.

Ẹni tó bá gbé ní Belém mọ ohun tí mo rí. Ní ọjọ́ Círio, tí gbogbo ìlú bá ń tẹ̀lé ère Ìyá Mímọ́ ti Nazaré, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á gbé ẹsẹ̀ ìda lérí, ẹni tó ń wá ilé á gbé ilé kékeré, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ tó jẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún nìyí. Juci ti kun mẹ́rin nínú èékánná rẹ̀, ó ya òdòdó kéékèèké sí wọn lára, iṣẹ́ tó rẹwà jù lọ tí mo tíì rí i kó ṣe. Àtàǹpàkò nìkan ni kò kùn. Ó fi í sílẹ̀ lásán, ó mọ́ tónítóní, bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí tòun rí.

Ìgbà yẹn ni jìnnìjìnnì bò mí. Ó mọ̀. Kò sí ilẹ̀kùn kankan tó há a. Àbúrò mi ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ń dá ẹrù náà rù nínú ilé tí èmi náà ń sùn sí. 

Nígbà tó dé lọ́sàn-án, ọwọ́ ìda ti wà lórí tábìlì ní fàráńdà. Ó rí i láti ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé.

"Ẹ tú ẹrù mi."

"Mo tú u. Wá pa mí. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ó wọ fàráńdà. Ó wá jókòó, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan.

"Bíi fọ́nrán òwú ló rí nígbà àkọ́kọ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bíi tiyín."

Ẹ má jẹ́ kí n fò ó. Èmi náà ní ìlà dúdú kan ní èékánná ìka òrùka ọwọ́ òsì, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Ìyá wa ní i lọ́wọ́ méjèèjì. Àwa aláwọ̀ dúdú, ó pọ̀ lára wa, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Mo ní tèmi náà ni ó dé," ni Juci wí. "Mo kun kùtẹ́ẹ̀sì sí i. Nígbà tí mo máa tún nù ún, ó ti fẹ̀. Mo tún kùn ún. Nígbà ọdún Kánífà nínú oṣù kejì, ó ti jáde sí awọ. Láti ìgbà yẹn mi ò nù ún tán mọ́. Mo kàn ń kùn lé e lórí."

"Gbogbo àdúgbò ń fi ṣẹ̀ṣọ́! O jẹ́ kí gbogbo wọn máa fi ṣẹ̀ṣọ́!"

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Èmi ńkọ́? Èmi tí mò ń se oúnjẹ tí ò ń jẹ? O ò lè sọ fún mi? O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá! Ojo! Ojo ni ẹ́, Jucilene! Ojo paraku!"

Ojú mi ti ṣú. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo sì fẹ́ kó kúkú pariwo.

"Ẹ̀yin ò wẹ ìyá wa. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Wọ́n gé e, ẹ̀gbọ́n mi, ó sì kú náà. Wọ́n á gé ọwọ́ mi. Ọwọ́ ọ̀tún. N ó wá kú láìní ọwọ́ tí mo fi ń ya nǹkan. Ẹ jẹ́ kí Círio kọjá. Mo ti bá Ìyá Mímọ́ sọ̀rọ̀. Tí kò bá gbọ́, n ó lọ."

Oṣù kẹwàá ni Círio. Mo wo àtàǹpàkò náà, mo rí i bí ohun dúdú yẹn ṣe ń rìn lọ nínú ara rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, nígbà tó ń sùn, nígbà tó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó ń tọ́ àsàí wò. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Èmi, ẹ̀gbọ́n, tí mo gbé e pọ̀n. Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi lórí símẹ́ńtì, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ẹ dìde! Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń ṣe? Ẹ dìde, àwọn ènìyàn ń wò yín!"

"Kí wọ́n wò. Mi ò ní sin ọ́, Juci. Mi ò ní agbára rẹ̀. Tí mo bá tún sin ẹnì kan jáde nínú ilé yìí, kí wọ́n kúkú sin èmi náà mọ́ ọn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní, "Ẹ dìde. N ó lọ."

Ó ní òun fúnra òun ni òun á nù ún. Mo jókòó tì í. Ó fi òwú rírẹ tẹ àtàǹpàkò náà títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí hó o. Funfun ìsàmì bọ́. Wúrà bọ́. Dúdú bọ́, pupa bọ́, wúrà mìíràn tún bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Òwú pọ̀ lórí tábìlì bí ìyẹ́ adìẹ. Nígbà tó tán, kò sí ìyàtọ̀: dúdú náà ló tún wà níbẹ̀, ó gba èékánná náà láti ìdí dé orí, kò dọ́gba, ó ti là láàárín, ó sì ti sun sí awọ bí omi àsàí tó dà sára aṣọ. Juci fi ọwọ́ bo ojú. Èmi náà fẹ́ bo ojú tèmi, àmọ́ mi ò fẹ́ kó rí mi.

Dókítà tó gbà wá ní ilé ìwòsàn àdúgbò, ọmọbìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni. Ó di ìka náà mú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Mo ń wo ojú rẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe rọra gbé ọwọ́ Juci sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹní gbé ọmọ tó ń sùn, mo sì mọ̀.

"Wọ́n máa bu díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò," ló wí. "A ò ní jẹ́ kó pẹ́." Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ọmọ ìyá kan náà ni yín. Ẹ kun tiyín ní pupa. Ẹ bá mi nù ún, kí n wò ó."

Mo ti ọwọ́ bọ àpò mi. "Tèmi ò ní nǹkan kan."

"Ó ní ìlà kan," ni Juci wí.

"Mo ní tèmi ò ní nǹkan kan! Ẹni tí a gbé wá ni kẹ́ ẹ dá lóhùn!"

Dókítà náà wò mí, ó ní kí n padà wá nígbà tí ara mi bá balẹ̀.

Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdúró. Mo ń da iyọ̀ sí ìkòkò ẹ̀wà ilé ìwé lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ ń tu oúnjẹ dànù. Òru, mo ń tẹ́tí sí èémí Juci láti yàrá kejì, bó bá yí padà mo ti jókòó. Bí fóònù bá dún, èmi àti òun á wo ara wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e. Mo wá ń rí àtàǹpàkò dúdú níbi gbogbo, lọ́wọ́ ọmọ tó ń ta búrẹ́dì, lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kan, orí mi gbóná. Mo gbé ìgò omi ìpakùtẹ́ẹ̀sì àti òwú, mo wọ ilé Dona Walquíria.

"Níbo làwọn ọmọbìnrin yín wà? Kí wọ́n mú ọwọ́ wá!"

"Rosineide, ṣé kò sí? Kí ló bù ọ́ jẹ?"

"Mo ní kí wọ́n mú ọwọ́ wá!"

Mo nu àtàǹpàkò gbogbo wọn. Mo jáde sí òpópónà, mo ń dá àwọn ọmọge dúró, mo ń nù wọ́n lọ́wọ́, mo ń gbé èékánná wọn súnmọ́ ojú mi. Èékánná pupa rẹ́súrẹ́sú, tó mọ́, tó dára, ni gbogbo wọn ní. Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Walquíria ló tẹ̀ lé mi padà sílé, mo sì sọ fún un.  Ó dì mọ́ mi, ó wá ní, "Olúwa ò. Èmi ni mo ní kó kùn ún ní funfun." Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe mí lóore jù."

Èsì dé. Ohun tí a ń bẹ̀rù náà ni, jẹjẹrẹ ni. Àmọ́ dókítà ní, bí àwọn ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, kò tíì rìn kúrò níbi tó wà. Tí wọ́n bá gé àtàǹpàkò náà láti oríkèé, ìrètí wà, ìrètí tó lágbára. Ká ní a dúró di Círio ni, kò ní lè bá wa sọ ọ̀rọ̀ yìí. Juci gbọ́ ọ tán. Ó gbé ìka náà sókè, ó wò ó.

"Àṣà tuntun mi ti kásẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gé e nínú oṣù kẹjọ. Mo dúró lóde ilé ìwòsàn nínú oòrùn, mo ń ka àdúrà tí mi ò rántí ìparí rẹ̀. Ó jáde láàyè.

Ó di ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Círio. Òjò bẹ̀rẹ̀. Juci gbé tábìlì sí fàráńdà fúnra rẹ̀, ó kó ìgò jáde. Ọgbẹ́ ti jinná. Ó ti ń kọ́ bí yóò ṣe máa fi ìka méjì há abẹ́rẹ́ láàárín, òdòdó tó ń yà sì ń wọ́, ó ń bú wọn ní èébú, ó ń nù wọ́n, ó ń tún un ṣe. Ọwọ́ ìda wà níwájú rẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ, ó mú un gbóná lórí iná, ó gé àtàǹpàkò ìda náà kúrò ní oríkèé, gẹ́lẹ́ bíi tirẹ̀.

Mo ní, "Kí lo gé e sí?"

"Kí Ìyá Mímọ́ má rò pé mo ń purọ́ fún òun. Ọwọ́ tó kù fún mi ni n ó gbé lọ dúpẹ́." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ó yá, ẹ mú ọwọ́ wá."

"Kùtẹ́ẹ̀sì mi ṣì dára."

"Ẹ̀gbọ́n mi, pupa yìí ti wà lọ́wọ́ yín láti oṣù kẹfà. Ẹ kàn ń kùn ún lé ara wọn lórí. Ṣé ẹ rò pé mi ò rí i?"

Mo kó ọwọ́ mi sábẹ́ tábìlì. Ẹ gbọ́, mi ò mọ̀ pé mo máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo nu ọwọ́ gbogbo àdúgbò, mo fa àbúrò mi lọ sábẹ́ ọ̀bẹ, mo pè é ní ojo níwájú òjò àti ayé. Láti ọjọ́ tí òwú yẹn ti jáde ní funfun, mi ò tíì rí èékánná ara mi. Mo ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹní bẹ̀rù òkú.

"Ẹ mú un wá," ni Juci wí. "Àbí kí èmi náà kúnlẹ̀?"

Mo mú un wá. Ó fi ìka mẹ́rin di ọwọ́ òsì mi mú, ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ìbá ti dì mí mú ṣófo, mo sì ń gbọ́ ìgbóná kùkùté rẹ̀ lára ọwọ́ mi. Ó tẹ òwú mọ́ ìka òrùka. Mo di ojú. Mò ń gbọ́ òjò lórí páànù, mò ń gbọ́ tí ó ń wé òwú tuntun, tí ó tún ń wé òmíràn. 

"Ẹ lajú."

"Sọ ọ́ fún mi."

"Mi ò sọ. Ẹ lajú yín kí ẹ wò ó."

Mo lajú. Ìlà náà wà níbẹ̀. Mo wò ó, mo tún wò ó, mi ò sì mọ̀ bóyá ó ti fẹ̀ tàbí kò fẹ̀, nítorí mo ti bò ó pẹ́ débi pé mo ti gbàgbé bó ṣe rí. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Juci, ṣé bó ṣe wà nìyí? Ìwọ lo ti ń kùn ún fún mi láti kékeré. Ṣé bó ṣe wà nìyí?"

Ó gbé ìka mi súnmọ́ ojú rẹ̀. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ló wí. "Àmọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo máa mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Ó dé gbogbo ìgò, ó kó wọn padà sínú apẹ̀rẹ̀. A ò kun nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí òjò fi dá.